Iwájú Kóòtù Ni Mo Ń Jókòó Sí

Bí ẹ bá ní ẹjọ́ ní Ìkòròdú tí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe fótókọ́pì ìwé yín wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lẹ máa yà sí. Agbòòrùn ńlá kan, tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan tó ti dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, àti jẹnẹréétọ̀ kékeré kan tí mo fi ṣéènì dè mọ́ òpó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo olè kọ́ ni wọ́n ti mú dé kóòtù.

Gbogbo ohun tí ẹjọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ló ń gba abẹ́ gíláàsì mi kọjá. Ìwé béèlì. Ìwé ìbúra. Ìwé owó orí onídùúró. Ìwé ilẹ̀ tí bàbá kan ti ká pamọ́ sábẹ́ ẹní láti ìgbà tó ti rà á, tó wá di dandan kó gbé e jáde torí ọmọ tó lọ jà ní Sábọ̀. Pásípọ́ọ̀tù onídùúró, méjì méjì. Mo ti ya pásípọ́ọ̀tù onídùúró débi pé bí mo bá wo ojú ẹni báyìí, mo lè sọ bóyá tinútinú ló fi wá, tàbí ìyàwó rẹ̀ ló tì í jáde.

Mo sì máa ń ka àwọn ìwé náà. Kò dáa, mo mọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ń gbóná lọ́wọ́, kí lẹ fẹ́ kí n máa wò?

Ohun kan wà tí mo kà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Èkó tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2011, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àkọlé ìwé ẹ̀sùn tó ń ti ilé ẹjọ́ gíga wá ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, Ìpínlẹ̀ ló ń pe ènìyàn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, ohun tí wọ́n kọ sókè, bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, ni pé Àwọn Ará Ìpínlẹ̀ Èkó ló pe Lágbájá lẹ́jọ́. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi lò ó bẹ́ẹ̀. Mo bi lọ́yà kan tó ń dúró de ẹ̀dà ìwé rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ará Èkó lèmi náà. Ṣé èmi ni mo pe ọmọkùnrin yìí lẹ́jọ́ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ gan-an ni olùpẹ̀jọ́. Òṣìṣẹ́ rẹ lásán lèmi."

Mo rẹ́rìn-ín tèmi náà. Mi ò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa padà wá bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti màmá mi.

Ọdún 2004 ni. Àbúrò mi ọkùnrin bá ọmọ kan jà torí owó bọ́ọ̀lù, ó fi ìgò fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, Màmá ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́. Wọ́n bi í léèrè ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò mọ ibi tó wà, òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀. Bí ọmọ yín bá dé, ẹ̀yin náà á lọ." Ohun tí obìnrin náà sọ kẹ́yìn kó tó wọ ọkọ̀ ni pé kí wọ́n bá òun sọ agbada kalẹ̀ kí ẹ̀pà má jóná.

Òru 3 ló sùn sí àtìmọ́lé. Wọ́n gba gèlè rẹ̀, wọ́n gba ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, wọ́n tú owó etí ìró rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Lẹ́yìn káńtà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni mo ti ń ka owó. Owó kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ wọlé, owó kí n rí ojú rẹ̀, owó pépà, owó báírò. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi gbọ́, ó ti Ìjẹ̀bú wá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Wọ́n tú Màmá sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo rò pé ti ìyà tàbí ẹ̀fọn ló máa sọ nígbà tó délé. Kò sọ ìyẹn. Ohun tó sọ ni pé: "Wọn ò kọ orúkọ mi sí ìwé kankan. Bí mo bá kú síbẹ̀, ta ni wọ́n máa ní ó kú?"

Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi lọ, bí ó bá fẹ́ gba iwájú tẹ́ṣàn yẹn kọjá, á kọ́kọ́ sọdá sí òdìkejì títì.

Ọdún 3 péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bọ́lá Tinúbú ni gómìnà nígbà náà, Yẹmí Òṣínbàjò sì ni kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìlànà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1945 ni gbogbo àwa tí a wà ní gúúsù ṣì ń lò, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀díẹ̀. Anambra tẹ̀lé e ní 2010. Èkó tún tirẹ̀ ṣe ní 2011. Ó di May 2015, nígbà tí Jonathan ń palẹ̀ mọ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣé ẹnikẹ́ni wá sọ fún wa ní àdúgbò? Rárá o. Iṣẹ́ ni mo bá a pàdé. Ọ̀dọ́ lọ́yà kan gbé ìwé òfin 2011 wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà kan fún òun, òun ń lọ jẹun. Ìwé náà nípọn. Mi ò tíì jìnnà nínú rẹ̀ tí pépà fi há. Mo ṣí ẹ̀rọ, mo ń fi ìka fa pépà jáde díẹ̀díẹ̀ kó má ya, ojú mi bá bọ́ sórí gbólóhùn kan: wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan ní ìdípò ẹlòmíràn.

Mo jókòó. Mo tún un kà. Gbólóhùn kan péré, kò gùn tó àdúrà tí a fi ń ṣí ìpàdé.

Mo ṣe ẹ̀dà ojú ewé yẹn kan fún ara mi láìgba àṣẹ. (Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún lọ́yà náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní òfin ò ní olówó.) Mo fi rọ́bà bò ó, mo gbé e lọ sílé, mo sì kà á fún Màmá ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti ka a fún àwọn náà?"

Ìbéèrè yẹn ló ń yí mi po títí di òní. Èkó ló ṣe òfin, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í ṣe ti Èkó. Àjọ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni ìwé òfin Nàìjíríà gbà láàyè, Abuja ló sì ń pàṣẹ fún un. Ó dà bí ìgbà tí ayálégbé bá ń ṣe òfin fún ọmọ onílé: òfin náà lè dára, kí wọ́n tiẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ onílé á kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n àwáwí ìyẹn náà ti tán. Òfin àpapọ̀ ti 2015 sọ ohun kan náà nípa mímú ènìyàn dípò ẹlòmíràn. Òfin ọlọ́pàá fúnra wọn, èyí tí Buhari fọwọ́ sí ní 2020, sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ mú ènìyàn. Ẹ lọ bi àwọn ìyálọ́jà tó ń fi ọlọ́pàá gba owó àjọ bóyá wọ́n ti gbọ́. Àwọn wa náà, a fẹ́ràn ọlọ́pàá nígbà tó bá ń mú ẹlòmíràn fún wa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àǹtí kan dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìbòrí tó fẹ́ bọ́ lórí. Wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ ló jẹ gbèsè tó sì ti sá lọ. Ó fẹ́ kí n ya pásípọ́ọ̀tù fún òun kíákíá kí òun lè lọ ṣe onídùúró, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n lè ní obìnrin ò lè ṣe é. Mo ní, "Àǹtí, òfin ò ní kí wọ́n kọ̀ yín torí pé ẹ jẹ́ obìnrin. Àti pé béèlì kí ni? Ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ dúró fún?" Mo yọ ìwé mi tó ní rọ́bà lára nínú dúrọ́ọ̀, mo fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà, mo kọ́ ọ bó ṣe máa sọ ọ́: kó má pariwo, kó má bú ẹnikẹ́ni, kó kàn gbé e lé káńtà, kó sì ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí."

Ó padà wá ní ọjọ́ kejì láti dúpẹ́. Wọ́n ti tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́. Mo bi í pé ṣé ìwé ló ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n kà á, ẹni tó wà ní káńtà pe ẹlòmíràn, wọ́n jọ wo ara wọn. Ó ní lẹ́yìn náà òun fún wọn lówó díẹ̀. Nítorí náà mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kọ́kọ́rọ́, òun náà ò sì mọ̀. Wọn ò dá ìwé mi padà. Mo ti ṣe òmíràn.

Nípa ọjọ́ tí wọ́n lè fi ti ènìyàn mọ́lé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú torí ó wúlò. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, wákàtí 24 ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Níbi tí kóòtù bá ti jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọlé. Ẹ gbé máàpù Ìkòròdú. Láti Ẹ̀búté dé Òdógunyàn, láti Ìgbógbó dé Ìjẹ̀dẹ́, ibo ló jìnnà tó kìlómítà 40 sí kóòtù? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn láti máa mú ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ irú ẹ̀ yìí tí kò sì sí owó lọ́yà, OPD wà, àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2000. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Mo máa ń fi ènìyàn ṣọwọ́ sí wọn. Àwọn kan padà wá dúpẹ́, àwọn kan ò padà wá.

Ti sítétímẹ́ǹtì ńkọ́? Ó tó kí ènìyàn rẹ́rìn-ín bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì, tí kò kàwé kọjá pámárì 3, bí mo bá gbé ohun tí wọ́n ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ sórí gíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni mo máa ń rí lára ìjẹ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin. Òfin Èkó ti 2011 wá ní bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, bí kò bá sì sí fídíò, kí lọ́yà tó bá yàn wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà, àwọn lọ́yà ti rí ìbéèrè kan tó kúrú tó sì dùn lẹ́nu wọn: "Fídíò dà?" Mo ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n apá òfin tó dun èmi jù kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2021 ni, lórí bí ọlọ́pàá ṣe ń gbé afurasí síwájú àwọn oníròyìn.

Ẹ ò ní ṣàì rántí bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọkùnrin á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, láìwọ bàtà, àwọn mìíràn láìwọ ẹ̀wù. Ìbọn, àdá, fóònù, igbá oògùn á wà lórí tábìlì níwájú wọn, àfi bíi pé wọ́n pàtẹ ọjà. Ọ̀gá ọlọ́pàá á sọ̀rọ̀, oníròyìn á ti gbohùngbohùn sí ọ̀kan lẹ́nu pé, "Kí ló mú ẹ ṣe é?" Wọn kì í bi í pé, "Ṣé o ṣe é?" Alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, oníròyìn á ní ọwọ́ ti tẹ àwọn ọ̀daràn. Kò tíì sí adájọ́ kankan tó rí ojú wọn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí sì ti sọ ọ́ láti 1999 pé aláìṣẹ̀ ni ènìyàn títí dìgbà tí wọ́n bá tó fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi.

Ọmọ àdúgbò wa kan wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Dàpọ̀, orúkọ rẹ̀ kọ́. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ dá lórí Toyota. Wọ́n bá ọkọ̀ kan ní ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n fi jalè, ó ní oníbàárà ló gbé e wá fún àtúnṣe. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́rin tí kò mọ̀ rí, wọ́n gbé wọn jókòó sí oòrùn yẹn. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo rántí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá a mọ̀, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í tán láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ò rí i? Mo ti ń wo ọmọ yẹn tipẹ́." Kò wo ọmọ kankan tipẹ́. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ló bá wa tún ọkọ̀ ṣe láwìn.

Oṣù 11 ni Dàpọ̀ lò ní Kírìkìrì kí ìmọ̀ràn tó ti ọ̀dọ̀ DPP, ọ́fíìsì ìjọba tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa pè lẹ́jọ́, dé pé kò sí ohun tí wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ sí. Ó jáde. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi wá bá mi, ó gbé ìwé ìmọ̀ràn náà lé gíláàsì, ó ní kí n bá òun ṣe 50.

Mo ní, "Dàpọ̀, 50 kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣáà ṣe é."

Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀. Ó fún lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀kan. Ó fún ìmáàmù, ó fún ọ̀gá ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ó gbé ọ̀kan lọ fún àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ń rìn kiri pẹ̀lú pépà bí ẹni tó ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Àwọn ènìyàn gbà á, wọ́n kà á, àwọn tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ka a fún àwọn. Nígbà tó bá ti kọjá tán, wọ́n á ní, "Wọ́n ti rà á." Ìṣẹ́jú méjì lórí tẹlifíṣọ̀n, pépà 50 ò lè pa á rẹ́. Wọ́n dá owó orí ìyàwó rẹ̀ padà fún un. Ó ti kó lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ báyìí. Mo ṣì ní ẹ̀dà kan tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀, òun àti ìwé onírọ́bà ni wọ́n jọ wà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ ní 2021, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn EndSARS, pé Gómìnà Sanwó-Olú ti bu ọwọ́ lu àtúnṣe tó ní kí ọlọ́pàá jáwọ́ nínú gbígbé afurasí síwájú àwọn oníròyìn, Dàpọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè. Ó gbọ́ ọ, ó kí mi pé mo ṣeun, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sì ní òun wà lábẹ́ ọkọ̀, òun á pè mí padà.

Afurasí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí a fura sí. Ọ̀daràn ni ẹni tó dá ọ̀ràn. Àárín "fura" àti "dá" ni gbogbo iṣẹ́ kóòtù wà, ibẹ̀ ni lọ́yà ti ń jẹun, ibẹ̀ ni èmi náà ti ń jẹun. Mo ń gbọ́ "afurasí" lórí rédíò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí, inú mi sì ń dùn sí i. Ní ojúde, kò tíì débẹ̀.

Mo ti ń yẹra fún ibi tí mo fẹ́ dé yìí. Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú ní 2016 àti 2017 ò ní béèrè ohun tí Badoo jẹ́. Wọ́n ń wọlé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí ènìyàn, bàbá, ìyá, ọmọ ọwọ́, gbogbo ilé. A ò sùn mọ́. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, a fi igi dínà, a sì ń yẹ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá wò. Wọ́n ní wọ́n ń lo áńkáṣíìfù funfun. Ẹni tó bá ní áńkáṣíìfù funfun lápò nígbà yẹn, orí rẹ̀ nìkan ló lè kó o yọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi náà wà lórí ìdúró. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ọmọkùnrin kan dé, kò ju ọmọ 20 ọdún lọ, ó gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká. A ní níbo ló ti ń bọ̀, ó ní Ìjẹ̀dẹ́. A ní ilé ta ló ń lọ, ó dárúkọ ẹni tí a ò mọ̀. Ó ń kólòlò. Ẹnì kan gbá a létí. Èmi ni mo sọ pé, "Ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, kí wọ́n má kàn máa lù ú lásán. Wọ́n tú àpò náà. Ẹ̀wù kan, fóònù kan, àti òkúta kan tó dán tó sì gùn bí ìbú àtẹ́lẹwọ́.

"Òkúta!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kù. Mi ò mọ ẹni tó lọ gbé táyà wá. Wọ́n ń wá epo. Ẹnì kan wá yí ojú sí mi nínú òkùnkùn yẹn, ó ní, "Bọ̀dá Fótókọ́pì, epo wà nínú jẹ́ẹ̀nì yín."

Mo lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn tì mí. Mo rìn lọ sílé, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tí mo ra ní ìrọ̀lẹ́, mo tún ti ilẹ̀kùn padà kí olè má wọlé. Mo rántí bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dún.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, Ìyá Alápatà ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ìró kan ló fi so mọ́ àyà. Ó ti jókòó lé ọmọ náà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ ọwọ́ mọ́ra, ó ń ké pé, "Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọkọ mi ni! Òkúta ìpọ́nbẹ ni! Ẹ ò mọ òkúta ìpọ́nbẹ ni? Ẹran tí ẹ jẹ láàárọ̀, òun ló fi pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀!" Orúkọ tí ọmọ náà dá fún wa, orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an ni. Bàbá Alápatà la mọ̀ ọ́n sí, ta ló mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́?

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró sójú kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ìyá Alápatà gbé ojú sókè, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo mí. Kò sọ nǹkan kan. Títí di òní, bí mo bá lọ ra ẹran, ó máa ń ṣe ènì fún mi.

Ní July 2017, wọ́n pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ní Ìkòròdú yìí, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Kò sí Ìyá Alápatà níbẹ̀.

Epo yẹn, mo dà á sínú jẹnẹréétọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì torí iná ò sí. Mo fi ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìwé ẹ̀sùn wà lára ohun tí mo ṣe, àkọlé ọ̀hún sì wà lókè rẹ̀ bó ṣe máa ń wà: Àwọn Ará Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọlọ́pàá ni òfin 2021 bá wí. Wọ́n ṣì ń rú u nígbà mìíràn, a sì lẹ́nu láti bá wọn wí. Ta ni yóò bá èmi wí? Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ẹ wo olè, ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó sá. Àwa náà ti ní tábìlì àti gbohùngbohùn tiwa.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wá bá mi. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn ti ya ọmọkùnrin kan, wọ́n ní òun ló gbé fóònù lórí káńtà. Nínú fídíò tí wọ́n fi hàn mí, ó wọlé, ó dúró, ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ò hàn. Wọ́n fẹ́ kí n yọ ojú rẹ̀ jáde, kí n kọ OLÈ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, kí n tẹ 300. Wọ́n ti ka owó sílẹ̀. Iṣẹ́ ò sì tíì wọlé láti àárọ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé, 'Ta ló mọ ọmọkùnrin yìí?' Ẹ fi nọ́ńbà yín síbẹ̀."

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé lọ́yà ẹ̀ ni yín ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú kóòtù yìí, wọ́n ti ń kó bá yín o."

Mo tún sọ ọ́. Wọ́n kó owó wọn nílẹ̀, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ ẹni tó kọjú sí mi, ẹni tí kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè. Kí n tó palẹ̀ mọ́, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo òpó iná láti ibẹ̀ dé ojúde wa. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹni yẹn, oní-yíǹkì ni, kì í gba omi. Nígbà tí mo ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, OLÈ ti ṣàn dànù. Ojú ọmọ náà ló ṣì wà níbẹ̀, ó ń wo títì.